Ìgbín Orí Àsíá

Ohun àkọ́kọ́ tí ó jọ ará ilé lójú mi ní ilẹ̀ Jámánì, ìgbín ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì tí ó gbé mi lọ yà kúrò lójú títì ńlá, mo rí pátákó tí wọ́n kọ orúkọ abúlé sí, mo sì rí asà kékeré aláwọ̀ ewé kan lábẹ́ rẹ̀, tí ìgbín funfun kan ń gun igi àjàrà nínú rẹ̀. Ó na ìwo rẹ̀ méjèèjì síta, ó gbé ilé rẹ̀ pọ̀n, kò kánjú. Omijé bọ́ lójú mi. Awakọ̀ rò pé mo ti kọjá ibi tí mo ń lọ ni, ó sì dá ọkọ̀ dúró kí n sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ẹsẹ̀ rìn wọ abúlé tí mo fẹ́ máa gbé, tèmi tẹrù.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí mo ti ṣẹ̀ wá lè pè mí ní wèrè. Àrẹ̀mọ ni wọ́n bí mi sí, nínú Ìbàdàn àtijọ́, níbi tí òrùlé ilé kan ti ń da omi òjò sórí òrùlé èkejì. Oríta-mẹ́rin ni ìyá mi ti ń tajà, ìgbín sì ni ọjà rẹ̀, kò pa á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Ìyá Onígbín ni wọ́n ń pè é láti ibẹ̀ dé Bẹẹrẹ. Ìgbín ló rán mi nílé ìwé, ìgbín ló ń ra bàtà Iléyá fún mi lọ́dọọdún. Alfa àdúgbò wa kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kì í kọjá lọ́dọ̀ ìyá mi kó má rà. Àní bí wọ́n bá ń ki Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ìgbín wà níbẹ̀: àwọn baba wa jẹ ẹ́ yó, wọ́n sì fi ìkarahun rẹ̀ mu ẹ̀kọ. Àwọn ìlú kan ń fi erin yangàn, àwọn kan ń fi ẹkùn. Ìgbín ni tiwa, ojú kò sì tì wá.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí i lórí pátákó àwọn òyìnbó, mo sọ fún ara mi pé ọmọ ìyá wa rèé.

Kí n tó dé ibẹ̀ ni mo ti ń rí irú asà bẹ́ẹ̀ láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Abúlé tí kò tó agboolé kan ní Àrẹ̀mọ ní àmì tirẹ̀ àti àsíá tirẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì. Ọ̀kan gbé ìdajì àgbá kẹ̀kẹ́, ọ̀kan gbé kọ́kọ́rọ́ méjì tí kò ní ilẹ̀kùn, ọ̀kan sì gbé ẹsẹ̀ ènìyàn kan péré, láti orúnkún dé ọmọ ìka, láìsí ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí mo gbọ́ èdè wọn díẹ̀, mo béèrè ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti wà níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé ìyẹn ni ìdáhùn.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n máa gbá gbọ̀ngàn abúlé, kí n máa nu fèrèsé rẹ̀, kí n sì máa tọ́jú àsíá. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, èmi ni mo ń lọ̀ ọ́, èmi ni mo ń ta á sórí òpó. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ mi mọ́ kí ó tó pé, iṣẹ́ tán nìyẹn, ìwé ìgbélùú á sì bá a lọ. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e.

Olórí abúlé náà, tí èmi ń pè ní Baálẹ̀ nínú ọkàn mi, àgbẹ̀ tí ń ta ẹyin adìyẹ ni. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan ló ń ṣe baálẹ̀. Ọjọ́ yòókù, adìyẹ ló ń ṣe olórí fún un. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú kàn án, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé nǹkan mi ló já bọ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń wo abẹ́ tábìlì, ó ń fọwọ́ pa ilẹ̀, àwa méjèèjì sì wà níbẹ̀ tí a ń wá ohun tí kò sọnù. Nígbà tí a dìde, ó bá mi kẹ́dùn pé a ò rí i.

Ọjọ́ kejì, mo ta àsíá sódì. Ẹ má bínú sí mi. Àsíá Nàìjíríà, bí ó bá ṣe wù ọ́ ni kí o gbé e, àwọ̀ ewé wà lápá ọ̀tún, àwọ̀ ewé wà lápá òsì, kò sí orí kò sí ìdí. Mi ò mọ̀ pé àsíá kan wà láyé tí ó lè dojú dé. Ìgbín fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ìwo rẹ̀ ń tọ́ka sí ilẹ̀. Kò pẹ́ tí fóònù Baálẹ̀ fi dún. Ìyá àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí gbọ̀ngàn ló pè. Ìyá yìí fi ìrọ̀rí sí ojú fèrèsé, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, ibẹ̀ ló sì ń wà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ohun tí kò bá rí, kò ṣẹlẹ̀. Ìyá Ojú-Fèrèsé ni mo sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n sọ fún obìnrin tuntun yẹn pé òkú ìgbín nìkan ló ń dojú dé, abúlé àwọn kò sì tíì kú.

Òun náà ló padà sọ ìtàn ìgbín náà fún mi, láti orí ìrọ̀rí rẹ̀, èmi sì dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, ọba àgbègbè náà pe gbogbo abúlé kí wọ́n wá gba àmì. Àwọn baba àwọn ní àwọn máa jẹun kí àwọn tó lọ. Nígbà tí wọ́n fi dé ibẹ̀, kìnnìún ti tán, idì ti tán, ẹṣin ti tán, àwọn tí ó dé ṣáájú wọn gẹ́lẹ́ ló gbé ẹsẹ̀ lọ. Ìgbín ló kù. Kò rẹ́rìn-ín rárá bí ó ṣe ń sọ ọ́. Mo fẹ́ràn ìyá náà lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé ó ń sọ ìtàn ìlú rẹ̀ bí àwọn àgbà wa ṣe ń sọ tiwa lábẹ́ òkè Màpó, bí ẹni tí ó wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀.

Àìsí ìkíni ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ní Àrẹ̀mọ, o ò lè pọn omi dé ilé kí wọ́n má kí ọ títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù lórí rẹ. Wọ́n á kí ọ kú omi, wọ́n á kí ọ kú oòrùn, bí o bá jókòó wọ́n á kí ọ kú ìjókòó, bí o kò bá ṣe nǹkan kan, wọ́n á kí ọ kú ìsinmi. Nígbà tí mo wà nílé, ó máa ń sú mi. Mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kí n lè tètè dé ibi tí mo ń lọ. Ní abúlé ìgbín, gbogbo ọ̀nà ni ẹ̀yìnkùlé. Ènìyàn á kọjá lára rẹ bí ẹni kọjá lára ògiri. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Èrò tiwọn ni pé bí wọ́n bá fi ọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, oore ni wọ́n ṣe fún ọ.

Èmi kọ́kọ́ gbìyànjú. Mo bá ọkùnrin gìrìwò kan tí ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ kòtò lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì kí i kú iṣẹ́, bí mo ṣe lè tú u sí èdè wọn: mo kí iṣẹ́ yín. Ó gbé ṣọ́bìrì kalẹ̀. Ó wo kòtò, ó wò mí, ó bi mí pé kí ló burú nínú iṣẹ́ òun. Mo ní kò sí. Ó ní kí ló wá dé tí mo fi dá sí i? Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé ẹnu mi dákẹ́.

Ìyá mi máa ń pè mí lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì. Kì í béèrè ohun tí mo jẹ, kì í béèrè bóyá òtútù ń mú mi. Ìbéèrè kan ló ní.

"Ta ló kí ẹ lónìí?"

Mo ní ìgbín ni. Ó rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá kọ ojú fóònù sókè kí ó lè rí àsíá. Ó ní kí n sún mọ́ ọn. Ó wò ó fínnífínní bí ẹni tí ń rajà lọ́wọ́ oníjìbìtì, ó ní ìgbín gidi ni, ṣùgbọ́n ọmọdé ni, wọn ì bá fi í sílẹ̀ kó dàgbà díẹ̀ sí i kí wọ́n tó gbé e sára aṣọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí, olórí agboolé wa. Àwọn àgbà jókòó lé e lórí. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn jagun lọ jìnnà láyé ọjọ́un, gbogbo wọn kọ́ ló sì padà wálé. Bóyá àwọn kan ṣìnà, wọ́n ń lọ, wọ́n ń lọ, títí òtútù fi bó wọn láwọ̀. Mọ́gàjí ní kí n bá òun béèrè agboolé tí wọ́n ti wá lọ́wọ́ Baálẹ̀ wọn. Mo béèrè, torí pé a kì í kọ iṣẹ́ àgbà. Baálẹ̀ ronú títí, ó ní ìyá òun wá láti abúlé ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́ má sọ ọ́ síta.

Mo jíṣẹ́ fún ìyá mi, a rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó padà sórí ìbéèrè rẹ̀.

"Ìgbín ò lẹ́nu, ọmọ mi. Mo ní ta ló kí ẹ."

Ó ní ibi tí wọn ò bá ti kí ènìyàn, ènìyàn ò sí níbẹ̀. Ó ní bí oṣù mẹ́fà yẹn bá fi pé tí ẹnìkan kò kí mi, kí n di ẹrù mi kí n padà sílé, ìgbín tí òun ń tà ṣì tó àwa méjèèjì jẹ. Inú bí mi díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, torí pé mo fẹ́ dúró. Mo fẹ́ kí ibì kan gbà mí láyé yìí tí kì í ṣe ibi tí wọ́n bí mi sí. Mi ò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń fipá mú ìlú kí i.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé ìgbín.

Ọkùnrin oníṣọ́bìrì yẹn ló dá a sílẹ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù abúlé, ẹgbẹ́ náà kì í sì í borí. Abúlé ẹlẹ́sẹ̀ ló ń nà wọ́n jù, èyí kò sì yà mí lẹ́nu, torí pé ẹni tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀, kí la fẹ́ bá a gbá ní bọ́ọ̀lù? Bí wọ́n bá pàdé, àwọn ará abúlé ẹlẹ́sẹ̀ á mú ike iyọ̀ dání, wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n sójú pápá, torí pé iyọ̀ ni ikú ìgbín. Ọkùnrin náà ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí wọ́n pa ìgbín rẹ́ lára àsíá, kí wọ́n gbé kìnnìún síbẹ̀. Ó tiẹ̀ ti ní kí wọ́n ya á sórí ìwé ńlá kan. Kìnnìún náà jọ ajá tí òjò pa. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pe ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ní Kìnnìún. Ìgbìmọ̀ abúlé fẹ́ dìbò lé e lórí ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú àjọ̀dún wọn, gbọ̀ngàn tí mo ń gbá ni wọ́n sì ti máa ṣe é.

Mi ò ní ìbò ní abúlé yẹn. Mo gbé àsíá náà lé orí tábìlì láti lọ̀ ọ́, mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ sókè lọ sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbín, mo sì ń rò ó pé bí wọ́n bá lé eléyìí tí ó ti ń bá wọn gbé láti ayé àwọn baba wọn, kí ni wọn ò ní ṣe fún èmi tí mo dé ní àná?

Òjò rọ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo dé ẹ̀bá ògiri òkúta tí ó yí oko àjàrà ká, mo sì rí wọn. Ìgbín gidi, ẹlẹ́ran, wọ́n ń wọ́ lọ lára ògiri bí ẹni tí kò ní ọ̀tá. Bí irú òjò yẹn bá rọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ìgbín tí ó bá jáde kò ní rí ọ̀sán. Àwọn wọ̀nyí ń gbatẹ́gùn. Àánú abúlé náà ṣe mí. Mo ní ó dájú pé àwọn baba wọn ń jẹ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní gbé e sórí àsíá. Ó kàn jẹ́ pé àwọn ọmọ ti gbàgbé ni, wọ́n wá ń jẹ sọ́séèjì kiri. Mo ní bí mo bá sè é fún ìgbìmọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ata, àlùbọ́sà àti òróró, tí wọ́n tọ́ ọ wò, ta ni yóò tún dárúkọ kìnnìún? Bí wọ́n bá pe àpérò ní agboolé wa, oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo gbé korobá tí mo fi ń nu ilẹ̀, mo sì ṣa wọ́n.

Mo ń gbé wọn kọjá níwájú gbọ̀ngàn nígbà tí mo gbójú sókè. Ìyá Ojú-Fèrèsé ń wò mí. Ìgbín kan ti gun ọwọ́ korobá, ó na ìwo sí i. Wọ́n wo ara wọn. Mo fẹ́ kí ìyá náà, àmọ́ ó ti wọlé, ìrọ̀rí nìkan ló kù lójú fèrèsé.

Kò pẹ́ tí Baálẹ̀ fi dé, ìyẹ́ adìyẹ ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Ó wo inú korobá, ó di orí mú. Ó ní irú ìgbín yẹn ní òfin tirẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣa á, kò gbọ́dọ̀ pa á, kò gbọ́dọ̀ kó o lọ sílé. Mo ní ṣebí Ìyá Ojú-Fèrèsé fúnra rẹ̀ ń da oògùn sí ìdí ẹ̀fọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó ń pa àwọn ìgbín pupa tí kò ní ìkarahun? Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Ó ní ìyẹn ò ní ilé.

Mo ronú sí èsì yẹn. Mo ti ń wò ó pé èmi nìkan ni wọ́n ń bi léèrè ilé àti ìwé ilé. N kò mọ̀ pé ìgbín pàápàá gbọ́dọ̀ ní ilé lẹ́yìn kí òfin tó mọ̀ ọ́n.

Baálẹ̀ ní kí n gbé korobá náà wá sí ìpàdé ní alẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́. Ó ní inú òun kò dùn, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo mọ ohun tí ó ń bọ̀. Mo lọ sílé, mo yẹ àpótí mi wò bóyá síìpù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Gbọ̀ngàn kún lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó lu aago mẹ́jọ, oòrùn ṣì ń ràn, ìyẹn náà wà lára ohun tí mi ò tíì gbà gbọ́ nípa ìlú wọn. Wọ́n gbé korobá mi sórí tábìlì, wọ́n tẹ́ àwòrán kìnnìún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kìnnìún, mo ní ọkùnrin náà, kò jẹ́ kí Baálẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Ó ní kí gbogbo ènìyàn wo inú korobá dáadáa. Ó ní láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, àlejò kan ṣoṣo ló fi tọkàntọkàn wo àmì àwọn, ohun tí ó sì wá sọ́kàn rẹ̀ ni ọbẹ̀. Ó ní ta ló ń gbé ẹran ọbẹ̀ sórí àsíá? Gbọ̀ngàn hó fún ẹ̀rín. Ojú tì mí débi pé mo ń wo bàtà mi. Èmi tí mo fẹ́ gba ìgbín sílẹ̀ ni mo fẹ́ bà á jẹ́. Ìyá Ojú-Fèrèsé wà lára ìgbìmọ̀. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì wò mí.

Wọ́n ní kí n sọ tẹnu mi. Mo dìde. Gbogbo èdè Jámánì tí mo ti ń kó jọ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún, torí pé wọ́n ti kírun Mọ̀gàríbì tán ní Àrẹ̀mọ.

Ó ṣòro fún mi láti pa ìpè ìyá mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé kí ó fún mi ní àkókò díẹ̀, ṣùgbọ́n fídíò ló fi pè, kí n tó sọ̀rọ̀ ó ti rí gbọ̀ngàn lẹ́yìn mi. Ó ní àwọn wo nìyẹn? Mo ní àwọn àgbà abúlé ni. Ìyá mi kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fóònù kọjú sókè, gbogbo ìgbìmọ̀ sì ń wo àjà ilé wa ní Àrẹ̀mọ, pẹ̀lú fáànù tí kò ṣiṣẹ́, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni pé apá kan ìpàdé ni. Ó padà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Ó kí wọn kú ìjókòó, ó kí wọn kú àpérò, ó kí wọn kú òjò, ó kí wọn kú àbójútó ọmọ. Baálẹ̀ béèrè ohun tí ó ń sọ. Mo ní ó ń kí yín. Ó ní gbogbo ìyẹn? Mo ní kò tíì ṣetán.

Mo sọ fún ìyá mi ní kúkúrú: mo ṣa ìgbín, èèwọ̀ ni, wọ́n sì fẹ́ yọ ìgbín kúrò lórí àsíá kí wọ́n fi kìnnìún rọ́pò rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí ó fi ń wo ẹni tí ó bá ní ìgbín rẹ̀ ti kú ni.

"Sọ fún wọn, má fo ọ̀kan nínú ẹ̀. Ìgbín ni mo tà tí mo fi tọ́ ẹ. Ìgbín ló gbé ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn. Kìnnìún tí wọ́n ń wí yẹn, ta ló bọ́ rí? Ẹranko tó ń jẹ èèyàn ni wọ́n fẹ́ gbé sókè, wọ́n wá ń lé èyí tó ń bọ́ èèyàn."

Mo tú u. Lọ́tẹ̀ yìí èdè wọn padà wá bá mi, kò ku ọ̀kan. Kìnnìún ní kí n bi obìnrin náà bóyá ó tiẹ̀ ti fojú rí kìnnìún rí. Ìyá mi ní òun ti rí i ní ọgbà ẹranko, oorun ló ń sùn, ẹlòmíràn ló sì ń gbé ẹran wá fún un. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo rò pé ó ti tán, mo fẹ́ dágbére fún un. Ṣùgbọ́n ìyá mi sún mọ́ fóònù títí ojú rẹ̀ fi kún inú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kí ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ń kí i."

Mi ò tú u. Mo ní ó dágbére ni. Ìyá Ojú-Fèrèsé wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdágbére, kí n tú u. Mo tú u. Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, mi ò sì nù ún. Àwọn ọkùnrin ń wo tábìlì. Baálẹ̀ ń ṣa ìyẹ́ adìyẹ lára ẹ̀wù rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ń retí lórí fóònù, kò mọ ohun tí ó ṣe, ó ní ṣé wọ́n ti lọ ni?

Kò sí ẹni tí ó rántí pé korobá kò ní ìdérí. Nígbà tí Baálẹ̀ fi ní kí wọ́n dìbò, àwọn ìgbín ti jáde, wọ́n ti gba tábìlì. Ọ̀kan ti gun àwòrán dé iwájú orí kìnnìún, ó dúró síbẹ̀, ó na ìwo. Baálẹ̀ fi ìka méjì gbé e kúrò jẹ́jẹ́, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ kìnnìún kí ó nawọ́. Kìnnìún nawọ́. Gólì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn náà nawọ́, àmọ́ ìyá rẹ̀ wò ó, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Àwọn yòókù mú ìgbín.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ mi. Baálẹ̀ ní kí n dá gbogbo ìgbín padà sára ògiri tí mo ti ṣa wọ́n, kí Ìyá Ojú-Fèrèsé sì tẹ̀ lé mi láti rí i pé mo ṣe é. Mo béèrè iṣẹ́ mi ńkọ́? Ó yà á lẹ́nu. Ó ní àjọ̀dún ń bọ̀, ta ló tún mọ ibi tí orí àsíá wà ju ẹni tí ó ti ta á sódì rí lọ?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti ìyá náà lọ. Mo ń gbé ìgbín lé ògiri, òun dúró pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ títí korobá fi ṣófo. Ìgbà náà ló wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì bi mí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá ata inú ọbẹ̀ ìgbín máa ń pọ̀.

Ọjọ́ Ajé, mo ń ta àsíá ńlá sílẹ̀ de àjọ̀dún. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, aṣọ náà wúwo, mo dìrọ̀ mọ́ okùn. Mo gbọ́ ìró katakata lẹ́yìn mi. Ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dúró, wọ́n pa á. Kìnnìún ló jókòó lókè rẹ̀. Kò wò mí, iwájú ló ń wò, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí wọ́n rán ní iṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́.

"Mo kí iṣẹ́ yín," ó ní.

Mo gbójú sókè wàràwàrà, mo ní àbí mo tún ti ta á sódì. Ìgbín wà níbi tí ó yẹ kí ó wà, ó ń gun igi rẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí ó burú nínú iṣẹ́ mi. Kí n tó mọ èsì tí mo máa fọ̀, ó ti ṣáná sí katakata, ó ti ń lọ, mo sì pariwo ẹ ṣé tẹ̀ lé e títí dé ìyànà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi pè lẹ́yìn Mọ̀gàríbì.

"Ta ló kí ẹ lónìí?"

"Kìnnìún ni, Màámi."

Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n wá gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n tún un sọ.